Ta Ló Pe Ta Lẹ́jọ́? Àlàyé lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ Kóòtù

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n wá mú àbúrò mi obìnrin nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Èkó. Aṣọ ló ń tà. Ó gba ọjà àwìn lọ́wọ́ ìyá kan tó máa ń kó aṣọ fún àwọn alátùntà, ọjà kò yá bó ṣe rò, ₦350,000 sì kù sí i lọ́rùn. Ìyá náà pè é títí, ó sú u, ló bá gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àbúrò mi ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ti bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti gba ìborùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí òun fúnra rẹ̀ kò lè kà.

Oṣù méje ni ọ̀rọ̀ náà gbà lọ́wọ́ wa. Nínú oṣù méje yẹn ni mo tó mọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbọ́ lórí rédíò láti kékeré: béèlì, onídùúró, àhámọ́, kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Mo fẹ́ ṣàlàyé wọn fún ẹni tí kò tíì dé kóòtù rí, bí wọ́n ṣe yé mi. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ká ní ó ti yé wa láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni, àbúrò mi kì bá tí sun orí sìmẹ́ńtì.

Òun nìyí: oríṣi ẹjọ́ méjì ló wà, ẹni tó pe ẹjọ́ ni ẹ ó sì kọ́kọ́ wò kí ẹ tó lè mọ èyí tó jẹ́. Tó bá jẹ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, ìjọba ló pè é. Olè jíjà, ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀, kí èèyàn lu ọmọnìkejì rẹ̀ ṣe léṣe: òfin ka ìwọ̀nyí sí ọ̀ràn tí wọ́n dá sí gbogbo ìlú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i tí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé ẹjọ́ pé Kọmíṣọ́nnà Ọlọ́pàá ló pe Lágbájá, tàbí Ìpínlẹ̀ Èkó ló pe Lágbájá. Ẹni tí wọ́n jà lólè kọ́ ló ni ẹjọ́ náà mọ́. Ẹlẹ́rìí lòun. Tó bá tiẹ̀ ní òun ti dárí jì í, kò lè dá ẹjọ́ náà dúró fúnra rẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba ló lè sọ pé àwọn ò ṣe mọ́. Bí ẹjọ́ náà bá sì dá ẹni náà lẹ́bi, ìyà ló ń bọ̀, irú bí ẹ̀wọ̀n, owó ìtanràn, tàbí iṣẹ́ ìlú.

Ẹjọ́ kejì ni ẹjọ́ ẹni-sí-ẹni. Gbèsè, owó ilé, àdéhùn tí ẹnì kan yẹ̀, ààlà ilẹ̀, ogún, ìkọ̀sílẹ̀. Èèyàn ló pe èèyàn níbẹ̀, tàbí iléeṣẹ́ ló pe iléeṣẹ́. Ẹni tó pè é ni olùpẹjọ́, ẹni tí wọ́n pè ni olùjẹ́jọ́. Kò sí ẹni tí ẹ̀wọ̀n ń dúró dè níbẹ̀. Ohun tí olùpẹjọ́ ń wá ni pé kí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ padà fún un, kí wọ́n sanwó ohun tó bàjẹ́, tàbí kí adájọ́ sọ ẹni tó ni nǹkan.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo lè bí méjèèjì. Bí awakọ̀ kan bá mutí yó tó lọ kọ lu ọlọ́kadà, ìjọba lè pè é lẹ́jọ́ torí ìwàkuwà tó wa ọkọ̀, ọlọ́kadà náà sì lè pè é lẹ́jọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún owó ọsibítù àti ọ̀kadà tó bàjẹ́. Ẹjọ́ méjì ni, ní kóòtù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí kò sì dí ìyẹn lọ́wọ́.

Nísinsìnyí, ẹ wo gbèsè àbúrò mi. Irú èwo ni? Ẹni-sí-ẹni ni. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sì sọ ọ́ gbangba pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí ọ̀ràn ẹni-sí-ẹni tàbí nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ èèyàn rere, àwọn tí wọn ò ní ṣe ọmọ ẹlòmíràn níbi, ló gbà pé ibi tí wọ́n ti ń gba gbèsè ni àgọ́ ọlọ́pàá. Ìyá tó fi ọlọ́pàá mú àbúrò mi kì í ṣe ìkà. Owó tirẹ̀ náà lórí ọjà ni, òun náà ní ẹni tó jẹ lówó, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀nà mìíràn wà.

Àmọ́ gbèsè lè di ọ̀ràn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Gbogbo wa la mọ 419. Kì í ṣe gbogbo wa la mọ̀ pé nọ́ńbà abala òfin ni. Nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí wọ́n ṣe fún Gúúsù Nàìjíríà, abala 419 ló sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó fi irọ́ gba ẹrù tàbí owó ọmọnìkejì rẹ̀. Irọ́ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Ẹni tó gba ọjà, tó ní in lọ́kàn láti san, tí ọjà kò wá tà, onígbèsè ni. Ẹni tó ti mọ̀ nígbà tó ń gbà á pé òun ò ní san kọ́bọ̀, tó parọ́ orúkọ, tó parọ́ ibi tó ń gbé, ìyẹn ti kúrò ní gbèsè. Ohun tó wà lọ́kàn èèyàn lọ́jọ́ tó ń gba ọjà ló pín wọn níyà. (Ṣẹ́ẹ̀kì wà lọ́tọ̀: láti 1977 ni òfin ti sọ ọ́ di ọ̀ràn kí èèyàn fi ṣẹ́ẹ̀kì tó mọ̀ pé kò sí owó lẹ́yìn rẹ̀ san gbèsè.)

Ọ̀nà yẹn ni àbúrò mi fi kó sí wàhálà. Nígbà tí ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí bi í léèrè, ohun tó fi Yorùbá sọ ni pé, “Mi ò ní owó tí mo fẹ́ fi san án báyìí.” Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí lọ́yà kà fún wa lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ni pé òun ò ní san. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: mi ò ní owó, mi ò ní san. “Ní” kan náà létí ẹni tó ń kánjú. Èkíní ń sọ̀rọ̀ àìlówó, èkejì ń sọ̀rọ̀ èrò ọkàn, èrò ọkàn sì ni òfin fi ń dá ọ̀daràn mọ̀ yàtọ̀ sí onígbèsè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ ẹjọ́ ẹni-sí-ẹni di ẹjọ́ ìjọba.

Ìwé yẹn ni wọ́n ń pè ní sítétímẹ́ǹtì. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá ni, wọ́n sì lè kà á jáde ní kóòtù. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ohunkóhun. Abala 35 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 fún ẹni tí wọ́n mú láyè láti dákẹ́, kó má dáhùn ìbéèrè kankan, títí yóò fi bá agbẹjọ́rò rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn sọ̀rọ̀. Abala kan náà ló ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá bí ẹ ṣe sọ ọ́, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ẹni tó bá yín kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé òun kà á fún yín, òun sì túmọ̀ rẹ̀ kó tó di pé ẹ tẹ̀ka. Ẹ má tẹ̀ka sí ohun tí wọn ò kà fún yín. Kò sí ìyànjú tí mo lè gbà yín tó ju ìyẹn lọ.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọlọ́pàá lè ti èèyàn mọ́lé fún wákàtí 48 kí wọ́n tó gbé e lọ sí kóòtù. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni Ìwé Òfin fún wọn. Ibi tí kóòtù bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọjọ́ méjì wà fún, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí i pé ó tọ́. Ní Èkó tí kóòtù kún ìgboro, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó gbé àbúrò mi jáde.

Mo ti lọ bẹ̀bẹ̀ fún béèlì lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní kí n mú ₦50,000 wá. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ibẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, òtítọ́ sì ni ohun tí wọ́n kọ. Béèlì kì í ṣe owó. Ìdúró ni. Ẹnì kan ń dúró fún ẹnì kan pé lọ́jọ́ tí ẹ bá pè é, yóò wá. Ìdí tí a fi ń pe ẹni náà ní onídùúró nìyẹn, ọ̀rọ̀ Yorùbá náà ti ṣàlàyé ara rẹ̀ ju béèlì lọ.

Ní kóòtù májísíréètì, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó bọ́ sínú àpótí tí wọ́n fi igi ṣe, akọ̀wé kóòtù sì ka ẹ̀sùn sí i létí. Láti àkókò yìí ni orúkọ tí òfin ń pè é yí padà. Nígbà tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, afurasí ni. Níwájú adájọ́, olùjẹ́jọ́ ni. Ọjọ́ tí adájọ́ bá dá a lẹ́bi ni a tó lè pè é ní ọ̀daràn, torí abala 36 ní kí gbogbo ayé kà á sí aláìlẹ́ṣẹ̀ títí dìgbà náà. Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ tí oníròyìn ń sọ pé “ọwọ́ tẹ ọ̀daràn kan” nígbà tí ẹni náà kò tíì rójú adájọ́.

Abala 36 yẹn náà ló fún olùjẹ́jọ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ògbufọ̀ bi àbúrò mi léèrè bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ó dáhùn pé, “Mo jẹ̀bi o, àmọ́ mo ní àlàyé.” Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ní kóòtù, “mo jẹ̀bi” túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tí ìjọba sọ pátá ni mo ṣe, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, adájọ́ lè bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́ lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí àlàyé yín bá jẹ́ pé ẹ kò ṣe é, tàbí pé ẹ kò fi ẹ̀tàn ṣe é, “mi ò jẹ̀bi” ni ìdáhùn yín. Adájọ́ tiwa gbọ́n. Ó ní kó ṣe àlàyé náà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi.

Ó wá fún un ní béèlì ₦200,000 pẹ̀lú onídùúró kan ní iye kan náà. Ara mi gbọ̀n. Mo rò pé ₦400,000 ni mo máa lọ wá. Lọ́yà kan tó jókòó níwájú mi ló yíjú padà tó ní, “Bọ̀dá, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ san nǹkan.” Iye tí kóòtù pè yẹn, iye tí onídùúró máa fọwọ́ sí pé òun máa pàdánù ni bí olùjẹ́jọ́ bá sá lọ. Kóòtù kàn fẹ́ rí i pé ó ní iṣẹ́ tàbí dúkìá tó tó bẹ́ẹ̀, pé àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ dájú. Àwọn ìgbà kan wà tí kóòtù lè ní kí wọ́n fi owó sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, àmọ́ ẹjọ́ bá parí, olówó a gba owó rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé obìnrin kò lè ṣe onídùúró, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ti sọ pé wọn kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni padà torí pé ó jẹ́ obìnrin.

Ẹni tí kò bá rí onídùúró ni wọ́n ń dá padà sí àhámọ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àhámọ́ kì í ṣe ìdájọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà lónìí ni kóòtù kò tíì sọ pé wọ́n jẹ̀bi ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà ni ìsúnsíwájú bẹ̀rẹ̀. Adájọ́ ń ṣàìsàn, ọlọ́pàá kò mú fáìlì wá, iná kò sí. Kò sí ohun púpọ̀ láti ṣàlàyé níbẹ̀ ju pé kí ẹ kọ ọjọ́ tuntun sílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹ débẹ̀, torí olùjẹ́jọ́ tí kò bá wá ni wọ́n ń kọ ìwé àṣẹ fún pé kí wọ́n lọ mú un níbikíbi tó bá wà.

Ẹ̀rí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ìjọba ló ru ẹrù ẹ̀rí. Olùjẹ́jọ́ lè dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn débi pé iyèméjì kankan tó nídìí kò ní kù lọ́kàn adájọ́. Bí ó bá kù, olùjẹ́jọ́ ló ni ín. Nínú ẹjọ́ ẹni-sí-ẹni, òṣùwọ̀n ọjà ni. Adájọ́ a kó ẹ̀rí tibí sí apá kan, a kó ti ọ̀hún sí apá kejì, ibi tó bá tẹ̀ sí ló borí, ì báà ṣe díẹ̀ ló fi tẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe lè dá ẹnì kan sílẹ̀ nínú ẹjọ́ olè, kí ẹlẹ́rù sì tún borí rẹ̀ nínú ẹjọ́ owó lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Kò sí màgòmágó níbẹ̀, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀.

Ẹlẹ́rìí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. “Wọ́n ní” kò wọlé. Àmọ́ òfin yọ àwọn ibi kan sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì wà lára wọn. Lọ́jọ́ kan tí májísíréètì wa kò jókòó, mo tẹ̀lé lọ́yà náà lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga, mo bá bàbá arúgbó kan nínú àpótí tó ń ka ìdílé wọn láti orí ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó: ta ló kọ́kọ́ débẹ̀, báwo ló ṣe débẹ̀, ta ló jogún rẹ̀, ta ló kàn. Kò sí èyí tó ṣojú bàbá náà níbẹ̀, síbẹ̀ adájọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́yà ṣàlàyé fún mi pé ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba lórí ilẹ̀ kan ní Warri, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀. Ìtàn ìdílé ni àkọ́kọ́. Ìwé ilẹ̀ ni èkejì. Àwọn yòókù ni ohun tí onílẹ̀ máa ń ṣe lórí ilẹ̀ rẹ̀, bíi kó máa yá a fún àgbẹ̀ kó sì máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Pípẹ́ tí èèyàn ti pẹ́ lórí rẹ̀ tó ń gbádùn rẹ̀. Àti kó jẹ́ pé òun ló ni ilẹ̀ tó bá a pààlà, débi tó fi jọ pé òun náà ló ni èyí. Ọ̀kan tó bá fìdí múlẹ̀ nínú márùn-ún tó. Ìtàn tí ẹ kò bá bi àwọn àgbà ilé yín léèrè kí wọ́n tó lọ, ẹ̀rí kóòtù ló lọ yẹn.

Nígbà tí ẹjọ́ wa di oṣù karùn-ún tí ẹlẹ́rìí ìjọba kankan kò yọjú, lọ́yà ní kí adájọ́ yọ ọ́ kúrò, adájọ́ sì yọ ọ́ kúrò, ó dá àbúrò mi sílẹ̀. A fò sókè. Lọ́yà ní ká rọra. Ìdásílẹ̀ lásán yàtọ̀ sí ìdáláre. Ẹni tí wọ́n kàn dá sílẹ̀, ìjọba lè tún pè é padà lórí ẹ̀sùn yẹn bí ẹlẹ́rìí bá dé. Ẹni tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì dá láre, kò sẹ́ni tó lè tún fi ẹ̀sùn kan náà kàn án láéláé. Bákan náà ni ẹjọ́ tí wọ́n yọ kúrò nínú ìwé kóòtù ṣe yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n dà nù lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ọ tán: èyí àkọ́kọ́ lè padà wá, èkejì ti parí ní kóòtù yẹn, àfi kí ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn gbé e lọ sókè.

Ìyẹn ni kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Orúkọ tí a fún un yìí ló jẹ́ kí àwọn èèyàn rò pé ẹjọ́ tuntun ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó kéré tán adájọ́ mẹ́ta ló máa ń jókòó, wọn kì í sábà gbọ́ ẹlẹ́rìí, àkọsílẹ̀ kóòtù ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò láti mọ ibi tí adájọ́ ti ṣàṣìṣe. Oṣù mẹ́ta ni èèyàn ní láti pè é lórí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga nínú ẹjọ́ ẹni-sí-ẹni. Òkè rẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí kóòtù mìíràn.

Gbèsè ṣì wà nílẹ̀ o. Àbúrò mi kò sì fìgbà kan sọ pé òun ò jẹ ẹ́. Ọ̀nà tó yẹ kí ìyá ọlọ́jà ti gbà láti ọjọ́ kìn-ín-ní ló wá gbà báyìí: kóòtù gbèsè kéékèèké, tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2018, tí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì ti ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sì fẹ́ kí ẹjọ́ máa gbà. Olówó a kọ́kọ́ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n san owó òun. Bí onígbèsè kò bá san, a gba fọ́ọ̀mù ní kóòtù, kóòtù a fi sámánì ránṣẹ́ sí onígbèsè. Kò di dandan kí ẹ gba lọ́yà. Àmọ́ bí sámánì bá dé ọwọ́ yín, ẹ má jù ú sínú dúrọ́ọ̀, torí kóòtù lè dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn yín.

Ìyá ọlọ́jà jókòó lápá kan, àbúrò mi jókòó lápá kejì, kò sí àpótí, kò sí ọlọ́pàá. Adájọ́ bi í léèrè ìdí tí kò fi san. Ó dìde, ó sọ bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn: “Mi ò ní owó tí mo fẹ́ fi san án lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jọ̀ọ́ sà.” Ògbufọ̀ yíjú sí i, ó ní, “Ṣé owó ni ẹ kò ní, àbí ẹ kò fẹ́ san?” Ó ní owó ni òun kò ní, òun lè máa san ₦50,000 lóṣooṣù. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ wo ìyá náà, ìyá náà mi orí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: oṣù méje.